Iṣan ọkàn ò yí padà, nọ́ńbà ló yí: ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ CT l'Ékòó

Ẹni tó ya àwòrán iṣan ọkàn rẹ̀ (iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn fúnra rẹ̀) ní Ìdí-Àràbà lóṣù yìí, tó tún lọ yà á ní Erékùṣù Èkó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kó gba èsì méjì tí kò bára mu. Bí nọ́ńbà kejì bá ga, ẹ̀rù á bà á pé àìsàn ti gbilẹ̀. Bó bá wálẹ̀, á ní àgbo tí wọ́n sè fún òun ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe iṣan náà. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n níbi àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n níbi kejì.

Iṣẹ́ mi ni kí n fi ẹ̀rọ CT, tó ń fi ẹ́síréè ya inú ara ní ègé-ègé, ya ọkàn, kí n sì wọn ohun tó bá hàn níbẹ̀. Ohun tí mo dì mú nínú iṣẹ́ náà ni pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó ń wà láàárín èsì kan àti òmíràn ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti fa ìlà sórí àwòrán: ó wà nínú ohun tí ẹni náà jẹ wá, bó ṣe mí, iná tó ń gbé ẹ̀rọ, bí ègé àwòrán ṣe nípọn tó. Sọ́fíwíà kàn ń ka ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ni. Nítorí náà, kí dókítà tó sọ fún ènìyàn pé "ó ti burú sí i", ó yẹ kó mọ iye tí nọ́ńbà náà lè fi yí nígbà tí nǹkan kan ò yí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ohun tí à ń wọ̀n ṣe kéré tó. Iṣan ọkàn apá òsì, níbi tó ti ṣẹ̀ jáde, máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 4 sí 5. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ńlá máa ń tó 3 sí 4 níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa tín-ín-rín sí i títí wọ́n á fi tó 2 tàbí kó dín. Ẹ̀rọ CT tó wọ́pọ̀ ò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ dáadáa bí àlàfo àárín wọn ò bá tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Nínú iṣan tó fẹ̀ ní mìlímítà 3, ìdajì mìlímítà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà. Iṣan náà ò sì dúró sójú kan: ọkàn ń lù, àyà ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ògiri iṣan fúnra rẹ̀ ń sún kì tó sì ń tú sílẹ̀.

Kálísíọ́mù, ìyẹn ohun líle tó ń dì sára ògiri iṣan, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí àyẹ̀wò rẹ̀ dà bí èyí tí kò ní wàhálà rárá. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí kọ́ńtíráàsì (oògùn tó ń mú inú iṣan tàn nínú àwòrán). Ẹ dá èémí dúró lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Agatston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìlànà ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1990. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí: ègé àwòrán nípọn ní mìlímítà 3, agbára iná túùbù ẹ́síréè wà ní 120 kV, ohunkóhun tó bá tó 130 HU lójú ọ̀nà iṣan, tí fífẹ̀ rẹ̀ ò sì dín sí 1 mm², a ó kà á sí kálísíọ́mù. HU yìí ni òṣùwọ̀n Hounsfield, tó fi omi sí 0, tó fi afẹ́fẹ́ sí −1,000. A ó wá fi nọ́ńbà kan sọ fífẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú rẹ̀ bá ṣe ga tó: 130 sí 199 ń gba 1, 200 sí 299 ń gba 2, 300 sí 399 ń gba 3, 400 sókè ń gba 4. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ni èsì.

Inú àwọn nọ́ńbà ìsọdi-púpọ̀ yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ibì kan tó fẹ̀ tó 8 mm². Bí ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú rẹ̀ bá jẹ́ 290 HU, ó gba 2, èsì rẹ̀ jẹ́ 16. Bí ẹ̀rọ bá kà á sí 305 lọ́jọ́ kejì, ó gba 3, èsì di 24. HU 15 péré ló yàtọ̀, àmọ́ èsì ti fi ìdajì gòkè. HU 15 kì í ṣe nǹkan tó ṣòro láti rí: ara tó sanra díẹ̀ sí i, ọkàn tó yára díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ tí wọn ò yẹ̀ wò láàárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó o ṣe.

Ibi tí ègé bọ́ sí náà lágbára. Ká ní ẹ̀rún kálísíọ́mù kan nípọn ní mìlímítà 1, ó fẹ̀ ní 3 mm², ó sì ga tó 500 HU, tí ẹran ara tó yí i ká jẹ́ 40. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sínú ègé mìlímítà 3 kan, ìpíndọ́gba rẹ̀ á jẹ́ 500 pẹ̀lú 40 lẹ́ẹ̀mejì, tí a pín sí mẹ́ta: nǹkan bíi 193. Ó ti kọjá 130, a ó kà á, á mú 3 wá. Àmọ́ bí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí tábìlì, tí ẹ̀rún yẹn wá bọ́ sí ààrin ègé méjì, ègé kọ̀ọ̀kan á gba ìdajì rẹ̀, ìpíndọ́gba á di bíi 117. Kò dé ààlà. Èsì di 0. Ẹ̀rún kan náà ni, ọkàn kan náà ni. Lójú dókítà sì rèé, 0 àti 3 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí 0 ni wọ́n fi ń sọ fún ènìyàn pé wọn ò rí kálísíọ́mù kankan, ó sì lè pinnu bóyá ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tàbí kò ní bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ kí wọ́n máa yí ìpọn ègé padà torí kí àwòrán lè dára lójú. Ègé tó tín-ín-rín máa ń gbé èsì ga, torí ó ń rí ẹ̀rún kéékèèké tí mìlímítà 3 ń bò mọ́lẹ̀, ó sì ń mú hóró-hóró wọ inú àwòrán. Mímú kV wálẹ̀ láti 120 sí 100 ń dín ìtànṣán kù, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kálísíọ́mù á tàn ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀, a ò sì lè fi 130 ṣe ààlà mọ́ láìtún un ṣe. Àtúntò tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń fọ àwòrán mọ́ máa ń fa èsì wálẹ̀. Àtúntò tó ń mú etí nǹkan hàn ketekete máa ń gbé e sókè. Kóńgò kan náà ni alágàrí méjì ń lò ní Mile 12. Bí ọ̀kan bá rẹ́ orí tirẹ̀, tí èkejì bù ú gègèrè, ẹ ò lè fi iye ti ẹni yìí ṣe ìṣirò ti tọ̀hún.

Fún ẹni tó tóbi, hóró inú àwòrán lè gun 130 lọ fúnra rẹ̀, sọ́fíwíà á sì kùn ún láwọ̀ bíi kálísíọ́mù. A máa ń fi àmì róbótó kan sínú aọ́tà, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, ká wo bí HU inú rẹ̀ ṣe ń fò tó. Nǹkan bí 20 HU là ń fẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, iye ìtànṣán ló yẹ ká gbé ga fún irú ara bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì máa fi ojú ara yín tẹ̀ lé ohun tí sọ́fíwíà kùn láwọ̀. Ó máa ń ka kálísíọ́mù tó wà lára òrùka fáàfù apá òsì mọ́ ti iṣan. Ó máa ń ka ti ògiri aọ́tà níbi tí iṣan ọkàn ti ṣẹ̀ jáde. Ó ń ka wáyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù. Ẹni tó bá sì ti ní sítẹ́ǹtì (ọ̀pá wáyà kékeré tí wọ́n fi ń la iṣan) nínú, ẹ má fún un ní èsì kálísíọ́mù fún iṣan yẹn rárá.

Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní MESA, wọ́n ya àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn lọ́jọ́ kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì méjèèjì tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ẹ̀rọ kan náà, ara kan náà. Nígbà tí mo bá wá rí 110 ní ọdún tó kọjá àti 125 lọ́dún yìí, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé ó ń pọ̀ sí i. Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn dókítà tó ń rán ènìyàn wá máa rántí: statin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, máa ń mú kí ẹ̀gbin ọ̀rá ara ògiri iṣan le, kó di kálísíọ́mù sí i. Nítorí náà èsì lè gòkè lára ẹni tí oògùn ń ṣe dáadáa fún. Pípaṣẹ pé kó máa wá wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ statin kò ṣe é lóore, lójú tèmi. Owó rẹ̀ ló ń ná, ìtànṣán ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé yọ kúrò l'Ékòó. Bí NẸ́PÀ bá gba iná tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé e, UPS lè mú kọ̀ǹpútà dúró, àmọ́ bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá kú tó sì tún jí, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Túùbù gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n tirẹ̀, kí a tún ṣe ìtúnwọ̀n afẹ́fẹ́, kí a sì gbé ike omi tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Omi gbọ́dọ̀ ka 0. Bó bá jìnnà ju 4 tàbí 5 HU lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, a kì í ya ọkàn ẹnikẹ́ni. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí èrò bá ti kún gbọ̀ngán, tí oníkálukú ń wo aago, tí wọ́n sì ní ká fò ó. Ẹ rántí 290 tó di 305. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí: bí yàrá bá gbóná tó tún tutù láàárín ọjọ́, kíkà ẹ̀rọ á máa sún. Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a ń kọ èsì omi sí láràárọ̀, àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iná bá já a.

Àyẹ̀wò kejì ni èyí tí a fi kọ́ńtíráàsì ṣe, tó ń fi inú iṣan hàn. Ìlù ọkàn ló ń bà á jẹ́ jù. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan ń lo 1,000 mílísẹ́kọ́ńdì fún ìlù kan. Ní 75, ó ku 800. Ní 90, ó ku nǹkan bíi 667. Èyí tó ń dín kù jù nínú rẹ̀ ni àkókò tí ọkàn fi ń sinmi, àkókò yẹn gan-an la sì nílò. Ẹ̀rọ tó ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní 350 mílísẹ́kọ́ńdì nílò nǹkan bí ìdajì rẹ̀, 175, láti rí àwòrán kan. Ẹ̀rọ olójú méjì (tó ní túùbù méjì) lè rí i láàárín 66 sí 75. Bí ìsinmi ọkàn bá kúrú ju èyí tí ẹ̀rọ nílò lọ, àwòrán á ṣe bàìbàì, etí iṣan á dì méjì, ẹni tó ń wọ̀n á sì fi ìlà rẹ̀ sí ibi tó bá wù ú. Iṣan apá ọ̀tún, ní àárín rẹ̀, ló ń sáré jù, òun la kọ́kọ́ ń wò láti mọ̀ bóyá àwòrán ṣeé kà.

Ẹni tó jáde nílé ní Ìkòròdú ní ìdájí, tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ títí tó fi kọjá afárá Third Mainland, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó tó tún gun àtẹ̀gùn, kò sí bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́ wà ní 60. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ka ohunkóhun. Ẹ fún un ní omi mu. Ọ̀pọ̀ wọn ti gbààwẹ̀ láti alẹ́ nítorí wọ́n ní kí wọ́n má jẹun, oúnjẹ gidi nìkan la sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń wo ìlù ọkàn. Bó bá ṣì ju 65 lọ, dókítà lè fún un ní metoprolol, oògùn tó ń mú ìlù ọkàn rọlẹ̀, 50 sí 100 mg láti gbé mì ní wákàtí kan ṣáájú, tàbí 5 mg sínú iṣan lórí tábìlì, kó tún un ṣe bó bá yẹ. Ẹni tó ní àsímà tó le, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti ń lù lọ́ra tẹ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀.

A ní kí wọ́n má mu kọfí fún wákàtí 12. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bi bàbá kan pé "Ẹ̀yin sà, ṣé ẹ mu kọfí?", á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Obì tó jẹ níbi ìgbéyàwó lálẹ́ àná kò sí lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kafíìnì ló kún inú rẹ̀. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: obì, tíì, Coke, energy drink. Èyí náà ló fà á tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n fi àyẹ̀wò ọkàn sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé fún ẹni tó ṣe òde lọ́jọ́ Àìkú.

Oògùn abẹ́ ahọ́n, GTN, ló tún wà níbẹ̀. Á ṣí iṣan sílẹ̀ kí a lè rí i bó ṣe fẹ̀ tó. A ń fún ènìyàn ní 0.4 sí 0.8 mg, a ó sì dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó yà á. Ẹni tí a fún lọ́dún tó kọjá tí a ò fún lọ́dún yìí, iṣan rẹ̀ á dà bí èyí tó ti fún jákèjádò. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tó lo oògùn agbára ọkùnrin bíi sildenafil láàárín wákàtí 24, tàbí tadalafil láàárín wákàtí 48, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Kò sí bàbá tó máa sọ èyí fún ọmọdébìnrin tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá bí ìyàwó bá jókòó tì í. Kí ọkùnrin kan mú un sí kọ̀rọ̀, kó dárúkọ wọn fún un, kó sì béèrè àwọn paraga àti àgbo "agbára ọkùnrin" tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, torí kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ wọn. Bí a ò bá fún un ní GTN, ẹ kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ ní kedere.

Èémí wá. Ẹ̀rọ máa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ, ohùn náà sì ń ṣe bí ẹni ń jà. Màmá tí kò gbọ́ ohun tó sọ á mí kanlẹ̀, á fún ikùn mọ́ra, ọkàn rẹ̀ á yára. Ẹ pa ohùn yẹn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá látinú yàrá kọ̀ǹpútà: "Màmá, ẹ mí sínú díẹ̀, ẹ má mí kanlẹ̀. Ẹ dá a dúró. Ẹ má mí o." Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó fún wọn ní abẹ́rẹ́, kí ẹ máa wo ikùn wọn àti nọ́ńbà ìlù ọkàn pa pọ̀. Bí èémí àkọ́kọ́ bá jìn tí ìkejì ò jìn, ọkàn á bọ́ sí ibòmíràn, iṣan á sì já bí àtẹ̀gùn nínú àwòrán. Ẹni tó mí kanlẹ̀ tó sì tì í mọ́lẹ̀ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ tí kò ní kọ́ńtíráàsì nínú wọlé láti ìsàlẹ̀, inú iṣan á wá ṣókùnkùn.

Fún lẹ́ẹ̀dì ECG, wáyà tí a ń lẹ̀ mọ́ àyà láti tẹ̀ lé ìlù ọkàn, òrí àti ìpara ni ọ̀tá. Ẹ fi spirit nu àyà dáadáa, kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Oòrùn Èkó tún ń mú òógùn yọ, lẹ́ẹ̀dì tó gbẹ lónìí sì lè tú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ìlà ECG bá kéré tàbí tó ń gbọ̀n, ẹ̀rọ á mú àmì tí kì í ṣe ìlù, á sì ya ọkàn ní àkókò tí kò yẹ.

Kánúlà, abẹ́rẹ́ tí kọ́ńtíráàsì ń gbà wọlé: 18G aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́, nínú iṣan ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, 20G aláwọ̀ píǹkì náà ṣe é lò. Kọ́ńtíráàsì 50 sí 80 ml ń wọlé ní 5 sí 6 ml ní sẹ́kọ́ńdì kan, omi iyọ̀ á tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ 22G aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì rí, ẹ ò ní lè sáré tó bẹ́ẹ̀, kọ́ńtíráàsì inú iṣan ò sì ní tàn tó. Ẹ mú kọ́ńtíráàsì gbóná tó 37°C. Èyí tó tutù láti inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù máa ń ki, ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ á sì dín eré rẹ̀ kù láìsọ fún yín. Inú iṣan yẹ kó ju 300 HU lọ. Bó bá wà ní 200, etí rẹ̀ ò ní hàn. Bó bá gun 600, á bo kálísíọ́mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì tún mú kí ẹ̀gbin ọ̀rá tó rọ̀ ka HU tó ga ju ti òótọ́ lọ, tí ẹni tó ń kà á á fi pe èyí tó rọ̀ ní èyí tó le.

Kí n tó kúrò níbi yíyà, ohun kan tó rọrùn láti tún ṣe wà tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò: fífẹ̀ àwòrán. Kọ̀ǹpútà ń pín àwòrán sí ojú kéékèèké (pixel) 512 ní ìbú. Bí ẹ bá tún àwòrán tò láti bo gbogbo àyà, bíi mìlímítà 350, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 0.68. Bí ẹ bá gé e mọ́ ọkàn nìkan, ní 200, ó di 0.39. Kò gba owó, kò gba ìtànṣán kún un.

Ẹ̀yìn èyí ni ojú ènìyàn dé. Ká ní ibi tó fún jù jẹ́ mìlímítà 1.4. Bí ẹnìkan bá fi iṣan 3.0 tó wà lókè rẹ̀ ṣe ìwọ̀n, á rí i pé ìdá 53 nínú 100 ló ti dí. Bí ẹlòmíràn bá fi 2.6 tó wà nísàlẹ̀ ṣe é, á rí 46. Nínú CAD-RADS, ìlànà tí a fi ń pín bí iṣan ṣe dí tó sí ìpele, 25 sí 49 wà ní ìpele 2, 50 sí 69 wà ní ìpele 3. Ìpele 3 sì lè mú kí wọ́n tún rán ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Bí iṣan bá ti ní ẹ̀gbin káàkiri, kò sí ibi tó dára níbẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣe ìwọ̀n, èsì á sì máa ka kékeré ju òótọ́ lọ. Ẹ tún wo bóyá fífẹ̀ láti etí dé etí ni wọ́n wọ̀n tàbí gbogbo ojú inú iṣan, torí ìdá 50 ti ìbú jẹ́ ìdá 75 ti ojú inú. Ẹni tó gbọ́ 50 níbì kan tó sì gbọ́ 75 níbòmíràn lè gbọ́ ohun kan náà.

Fèrèsé wíwò, ìyẹn ìwọ̀n HU tí a jẹ́ kó hàn lójú kọ̀ǹpútà, kò gbọ́dọ̀ máa yí láti ọwọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Fífẹ̀ 800, àárín 300, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá há a mọ́, kálísíọ́mù á wú, á dà bí ẹni pé ó dí iṣan pa. Kálísíọ́mù tó pọ̀ àti sítẹ́ǹtì tó kéré ju mìlímítà 3 lọ, mo máa ń kọ ọ́ pé kò ṣeé wọ̀n níbẹ̀. Ìyẹn sàn ju nọ́ńbà tí a fi tipá mú jáde.

Nínú yàrá kátítà, níbi tí wọ́n ti ń ti ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan dé ọkàn, ìwọ̀n tó wà lójú àwòrán ń bẹ̀rẹ̀ láti ara kátítà fúnra rẹ̀. French ni òṣùwọ̀n ìpọn kátítà, ọ̀kan rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà: 6 French jẹ́ 2.0, 5 French jẹ́ 1.67. Bí wọ́n bá lo 5 French tí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kọ 6, gbogbo iṣan á fẹ̀ sí i ní ìdá 20 nínú 100. Iṣan 2.9 á ka 3.5, wọ́n á sì fi sítẹ́ǹtì 3.5 sínú rẹ̀, èyí tó lè fa ògiri iṣan ya. Kátítà tó kún fún kọ́ńtíráàsì àti èyí tó ṣófo ò ka ìwọ̀n kan náà, ẹ yan ọ̀kan kí ẹ má yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. GTN 100 sí 200 máíkírógíráàmù lọ sínú iṣan kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, igun méjì tó jìnnà síra wọn, àkókò ìsinmi ọkàn. Fún FFR, ìyẹn ìtìnípá ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ibi tó fún tí a pín sí ti ẹnu iṣan (Pa), tí ààlà rẹ̀ jẹ́ 0.80, ẹ wo gíga ẹ̀rọ ìtìnípá: sẹ̀ńtímítà 10 sókè tàbí sísàlẹ̀ ju ọkàn lọ ń mú bíi 7 mmHg wọlé. Bí Pa bá jẹ́ 100, 3 mmHg tó sún lára wáyà tó ń ka ìtìnípá nìkan lè sọ 0.80 di 0.83 tàbí 0.77. Ẹ fa wáyà náà padà sí ẹnu kátítà lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ rí i pé méjèèjì ṣì dọ́gba. Ní ti IVUS àti OCT, tí wọ́n ń tì wọ inú iṣan láti yà á látinú (IVUS ń lo ìró, OCT ń lo ìmọ́lẹ̀), OCT ríran jù, nǹkan bí máíkírómítà 10 sí 15. IVUS wà ní bíi 100 sí 150, ó sì máa ń ka inú iṣan fẹ̀ ju OCT lọ díẹ̀. Ẹ má fi ti ọ̀kan tẹ̀ lé ti èkejì.

Báwo la ṣe wá ń mọ iye tó jẹ́ ìyàtọ̀ wa? Ẹ mú àwòrán àtijọ́, kí ẹni tó ń kà á tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìwo ti àkọ́kọ́. Ẹ yọ ti kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí ìlọ́po méjì iye àwòrán, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (square root). Bí àpẹẹrẹ, iṣan márùn-ún, ìyàtọ̀ wọn 0.1, 0.2, 0.1, 0.3, 0.1. Àròpọ̀ wọn lẹ́yìn tí wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀ jẹ́ 0.16, pín in sí 10, ó di 0.016, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.126. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2.77, ó di 0.35. Ẹni yìí kò gbọ́dọ̀ pe ohunkóhun tó kéré sí mìlímítà 0.35 ní ìyípadà. Márùn-ún kéré jù fún iṣẹ́ gidi, ọgbọ̀n dára. Ẹ tún ṣe é láàárín ẹni méjì tó ń kà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ìbátan (correlation, tó ń sọ bí ìwọ̀n méjì ṣe ń bá ara wọn rìn) tó jẹ́ 0.98 tù yín nínú. Ẹni méjì lè máa gòkè sọ̀ pa pọ̀ kí ọ̀kan máa fi ìdajì mìlímítà jù èkejì lọ ní gbogbo ìgbà. Bland àti Altman, onímọ̀ ìṣirò méjì, ti ṣàlàyé èyí láti 1986: ẹ ya ìyàtọ̀ sórí ìpíndọ́gba, kí ẹ wo bó ṣe fọ́n ká.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí gbogbo ìjábọ̀ gbé dání nìyí: irú ẹ̀rọ, kV, ìpọn ègé, irú àtúntò, ìlù ọkàn lásìkò yíyà, GTN àti iye rẹ̀, HU inú aọ́tà, ibi tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Kí ẹni náà sì gba CD tó ní àwọn ègé tín-ín-rín nínú, yàtọ̀ sí àwòrán mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ sórí fíìmù. Nígbà tó bá padà wá, ká kọ́kọ́ ṣí CD àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí ẹni kan náà tún wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú fèrèsé kan náà, kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ohun tó yí padà.